Ẹ má na ajá yín nítorí pé ó ń kùn

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ajá yín, ọmọ oṣù 8, kì í yọ ará ilé kankan lẹ́nu, àmọ́ bí ọmọdé bá ti ń kọjá níwájú ilé yín l'Ọ́fà, á fò mọ́ géètì, á máa kùn, eyín á yọ síta. Ẹ ní bàbá onílé ti ní kí ẹ máa fi pàṣán bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú pàṣán yẹn. Èmi mú un, ọmọ ọlọ́mọ ló jìyà rẹ̀.

Gáà Akanbí n'Ílọrin ni mò ń gbé. Olè ló jẹ́ kí n gba ajá. Ọ̀sẹ̀ 8 ló wà nígbà tí mo gbé e wálé, mo sì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ẹ̀rù àìsàn tó ń pa ọmọ ajá ń bà mí, ni mo bá tì í mọ́ ẹ̀yìnkùlé títí ó fi lé ní oṣù 4. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la wà nílé nígbà náà, kò rí ọmọdé rárá. Ẹ̀yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán ni dókítà ẹranko wá sọ fún mi pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ ajá ń mọ ohun tó jẹ́ ti ayé rẹ̀. Ohun tí kò bá rí nígbà yẹn, àjèjì ni, ẹ̀rù rẹ̀ á sì máa bà á. Ẹ̀rù ni o, kì í ṣe ìkà.

Ilé-kéwú kan wà nítòsí wa. Bó bá ti di aago 4 ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ á máa kọjá, wàláà lábẹ́ abíyá, wọ́n á fi igi gbá géètì wa gbàgà, wọ́n á sá lọ. Tanímọ̀la á gbó, àwọn ọmọ á lọ. Ẹ wo ohun tí ajá kọ́ níbẹ̀: bí mo bá gbó, wọ́n á sá. Kò mọ̀ pé ibi tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ojoojúmọ́ ló ń ṣẹ́gun.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Bó bá ti kùn, pàṣán. Kò tó oṣù kan tí kò kùn mọ́. Mo wá ń fọ́nnu káàkiri pé mo ti kọ́ ajá mi lẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan, bọ́ọ̀lù ọmọ Àfáà tó wà lódìkejì ọ̀nà já sínú ọgbà wa. Ọmọ náà kò ju ọdún 7 lọ. Mo ní kó wọlé wá mú un. Tanímọ̀la dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, kò gbó, kò kùn. Ká ní mo lójú nígbà yẹn ni, ǹ bá ti rí i: ara rẹ̀ le bí igi, ó pa ẹnu dé, funfun ojú rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fahọ́n lá ètè lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ kó gbé bọ́ọ̀lù, eyín ajá ti wà ní ojúgun rẹ̀. Wàláà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó là sí méjì.

Kíkùn yẹn ni ajá fi ń bẹ̀ wá pé ká sún sẹ́yìn. Èmi ni mo fi pàṣán gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá àgbà kan ti ń sáré gbé epo pupa bọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò, ó ní a ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan pa ojú ọgbẹ́ náà: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ká fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ká tó máa lọ sílé ìwòsàn. Mo ti gún ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, síbẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún ọmọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ní kó máa padà wá, torí ẹyọ kan kò tó. Bí dìgbòlugi bá ti yọjú lára ènìyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní ká pa ajá lójú ẹsẹ̀. Dókítà ẹranko ní rárá, ká so ó mọ́lẹ̀, ká máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá ṣì dá ṣáṣá lẹ́yìn ìyẹn, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ. Ajá tí a ti sin kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ Àfáà. Mo rò pé á lé wa. Ó ní aṣọ ọmọ tí itọ́ ajá bà, òun ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, kí n jọ̀ọ́ wá nǹkan ṣe kó má di ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo kan páànù mọ́ géètì kó má baà máa rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, mo sì gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò níwájú. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi okùn sí i lọ́rùn, a ó lọ jókòó sí pápá kan tó jìnnà sí ọ̀nà, níbi tó ti lè rí ọmọ láìkùn. Bí ọmọ bá yọ, wàrà díndín. Bí ọmọ bá kọjá tán, wàrà tán. (Ìyàwó mi ní ajá ń jẹ wàrà ju òun lọ. Kò parọ́.) Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ kan yọ, dípò kí ara rẹ̀ le, ó yíjú wò mí, ó ń wá wàrà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó sún mọ́ ọ̀nà ní ìṣísẹ̀ méjì. Bí ara rẹ̀ bá tún le, a ó padà sẹ́yìn. Oṣù 5 gbáko ló gbà wá. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Dókítà sọ fún mi pé ìyẹn nìkan kì í wo ẹ̀rù sàn.

Àfáà fúnra rẹ̀ ló bá àwọn ọmọ kéwú sọ̀rọ̀: ẹ má gbá géètì, ẹ má sọ òkò, bí ajá bá ń bọ̀, ẹ má sáré, ẹ dúró bí igi, ẹ má wò ó lójú. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ ju wàrà lọ.

Tanímọ̀la kò di ọ̀rẹ́ ọmọdé, ẹ má retí ìyẹn. Ó kàn ń wò wọ́n kọjá ni. Bí àlejò bá ń bọ̀ tọmọtọmọ, pàápàá nígbà Iléyá, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń tì í mọ́. Ọmọ Àfáà ti pé ọdún 11, ó ṣì ń gba òdìkejì ọ̀nà kọjá, mi ò sì bá a wí.

Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìlọrin, Ọ̀fà kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò ná, torí ajá tí nǹkan ń dùn lára kì í ní sùúrù. Ẹ sì dá mi lóhùn: ìgbà wo lẹ gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn?