Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: Ìjì, Omíyalé àti Ilé Tí Adójútòfò Kò Fẹ́ Gbà

Lẹ́tà lórí ìjì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa lóṣù yìí, a sì yan márùn-ún nínú wọn. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé adójútòfò ní Bénin, nítorí náà a fi àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa wà lórí ìwé tiyín.

Láti Kétu

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti ká páànù ilé mi, lápá ẹ̀yìn Àkàbà Ìdènà. Mo lọ bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan, ẹni tí wọ́n rán wá wo ilé ní àwọn kò lè gbà á bó ṣe wà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní kí n sáà ra páànù tó nípọn jù ti tẹ́lẹ̀. Ṣé ìyẹn tó?*

Kò tó. Ibi tí a ti so páànù mọ́ igi, tí a ti so igi mọ́ ògiri, ni ìjì ti ń borí ilé. Tí afẹ́fẹ́ líle bá ń gba orí òrùlé kọjá, ṣe ló ń fà á sókè. Bí fèrèsé kan bá wá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wọlé á tún máa tì í láti abẹ́. Létí òrùlé àti ní igun rẹ̀ ni agbára yìí ti pọ̀ jù. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí òjò lọ́dọ̀ wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, afẹ́fẹ́ á sì ṣáájú òjò, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ògiri. Ó yẹ kí ìgbànú kọnkéré, èyí tí àwọn mọlémọlé ń pè ní chaînage, yí gbogbo orí ògiri po: irin mẹ́rin oní-10 mm, òrùka irin 6 mm ní gbogbo 15 sí 20 cm, kọnkéré tó ga tó 20 cm. Àpòpọ̀ rẹ̀ ni ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta, kí omi má pọ̀ jù. Kí wọ́n tó da kọnkéré náà, kí wọ́n fi irin 8 mm kọ́ abẹ́ irin ìsàlẹ̀, kí ó yọ sókè níbi tí ẹkẹ́ kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí. Irin yìí ni wọn yóò tẹ̀ yí ẹkẹ́ ká, tí wọn yóò sì kàn mọ́ ọn.

Ó dà bíi pé ilé tiyín ti wà lórí ìdúró láìní ìgbànú. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ní abẹ́ ẹkẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, ìyẹn bíi 60 cm, kí wọ́n lu ògiri já, kí wọ́n ki irin 8 mm bọ inú ihò náà, kí apá méjèèjì rẹ̀ gba inú àti ìta ògiri gòkè, kí wọ́n sì dè é lórí ẹkẹ́. Kí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì dí ihò náà. Ìwọ̀n ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí irin náà dì mú ni yóò máa fa òrùlé sílẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ìlà kan péré ni wọ́n sọ̀kalẹ̀, ìjì á gbé ẹkẹ́ àti búlọ́ọ̀kù lọ pa pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọn igi ìdábùú tí a kan páànù mọ́. Ìṣó gígùn nìkan kì í tó láti dì wọ́n mọ́ ẹkẹ́, torí ibi tí wọ́n bá a wọlé náà ni ìjì á bá a fà jáde. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ tàbí wáyà tí kì í dípẹtà, tí a ká ní ìlọ́po méjì, dè wọ́n ní gbogbo oríta ẹkẹ́ àti igi ìdábùú. Láàárín òrùlé, kí àyè igi kan sí èkejì má ju 90 cm lọ. Létí, kí ó má ju 60 cm. Igi tí ikán ti wọ̀ kò lè di ìṣó mú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má kàn án ní àkànpọ̀.

Páànù ló kàn. Èyí tó fẹ́lẹ́ gan-an máa ń ya yíká orí ìṣó, nítorí náà òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà yín: ẹ ra èyí tó tó 0.35 mm, 0.40 bí agbára bá gbé e. Ẹ lo ìṣó olórí gbàǹgbà tí ara rẹ̀ lọ́ pọ̀, tàbí ìṣó alámùúyí tó ní rọ́bà lábẹ́ orí. Òkè páànù ni kí wọ́n kàn án sí, kì í ṣe ibi tó kòtò, nítorí inú kòtò ni omi ń ṣàn gbà. Létí, ní ṣóńṣó òrùlé àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìṣó ní gbogbo òkè páànù. Ní àárín, wọ́n lè fo ọ̀kan. Kí páànù gun ara wọn ní òkè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti 20 cm láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ibí yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń ṣọ́ ìṣó ná, owó tí wọ́n sì ń tọ́jú níbẹ̀ kéré gan-an sí owó páànù tó fò lọ.

Ohun méjì tó kù: kí òrùlé da gẹ̀rẹ̀ tó 30 dígírì, ìyẹn ni pé kí ó ga sókè ní 58 cm fún gbogbo mítà kan, kí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì dá dúró, kí ó má ṣe jẹ́ páànù kan náà ló ti inú ilé yọ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ìjì bá mú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, yóò fi ilé sílẹ̀. Bí owó kò bá tó gbogbo iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ́kọ́ ṣe igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti etí òrùlé.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo irin àti ìdè náà kí wọ́n tó bò wọ́n, ẹ tọ́jú ìwé ìsanwó, kí ẹ tó padà lọ bá ilé adójútòfò. Ohun tí wọ́n kọ̀ lórí ilé yín gan-an ni ẹ óò fi hàn pé ẹ ti tún ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, òrùlé tí a kò dè bó ṣe tọ́ àti ilé tí kò tíì ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà lára ohun tí wọn kì í sanwó lé. Irú ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ń gbà ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà: òfin ibẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ilé adójútòfò dín owó kù fún onílé tó bá kan òrùlé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí wọ́n ń pè ní FORTIFIED.

Láti Àjàṣẹ́

*Ẹ jọ̀ọ́, ilé wa kò jìnnà sí ọ̀sà. Ilé adójútòfò gbà láti bo iná àti ìjì, ṣùgbọ́n wọ́n yọ omíyalé kúrò, bẹ́ẹ̀ omi gan-an ni ìṣòro wa. Ṣé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ ni?*

Rárá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dun ni. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tàbí kó má ṣẹlẹ̀ ni adójútòfò wà fún. Níbi tí omi ti ń wọlé ní gbogbo oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá nígbà tí odò Ouémé bá kún, tí gbogbo ilé àdúgbò sì máa ń bà jẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ohun tó dájú ni ẹ ń bèèrè pé kí ilé adójútòfò san. Ẹ rántí 2010, nígbà tí omi kan 55 nínú àwọn 77 àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Bénin.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé-iṣẹ́ àdáni kì í dá gbé ẹrù bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé adójútòfò ilé lásán kì í gba omíyalé. Ìjọba àpapọ̀ ló dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ fún un ní 1968. Ní Florida, lẹ́yìn tí ìjì Andrew jà ní oṣù Kẹjọ 1992, àwọn ilé adójútòfò kan wó, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ní 2002, ìpínlẹ̀ náà dá ilé adójútòfò kan tí wọ́n ń pè ní Citizens sílẹ̀ fún onílé tí kò rí ẹlòmíràn tó fẹ́ gbà á. Àwọn ará Faransé ti pín ẹrù náà láàárín gbogbo ìlú láti ọjọ́ 13 oṣù Keje 1982: gbogbo ẹni tó ní ìwé adójútòfò dúkìá ló ń san ẹ̀kún owó lé e, ẹni tó ń gbé orí òkè pẹ̀lú. Èrò wa ni pé irú àjùmọ̀ṣe yìí ló yẹ àfonífojì Ouémé, kí àwọn aṣòfin sì gbé e yẹ̀ wò.

Ní báyìí ná, ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè fi inondation, ìyẹn omíyalé, kún ìwé yín pẹ̀lú franchise tó ga, ìyẹn iye tí ẹ óò kọ́kọ́ fi ara yín gbé nínú òfò. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ má ṣe yíjú sí ẹni tó ní kí ẹ kọ pé omi kì í dé ọ̀dọ̀ yín. Bí irọ́ àmọ̀ọ́mọ̀pa bá hàn, ìwé náà ti di asán, wọn kò sì ní dá owó yín padà.

Ẹ fi owó náà sí ilé. Ẹ wá ibi tí omi ga dé jù lára ògiri, ẹ gbé ilẹ̀ yàrá ga jù ú lọ ní 30 cm ó kéré tán. Ẹ gbé ihò iná mànàmáná lọ sókè, mítà kan sí ilẹ̀, kí ti yàrá ìsàlẹ̀ sì ní ibi ìpaná tirẹ̀. Ẹ fi táìlì tàbí sìmẹ́ńtì dídán ṣe ilẹ̀. Kànga àti ilé ìgbẹ́ ni ẹ má gbàgbé: ẹ fi kọnkéré gbé ẹnu kànga ga ju ibi tí omi ń dé.

Láti Ṣábẹ̀ẹ́

*Ìjì ká òrùlé ilé ìtajà mi. Mo ní ìwé tó gba « tempête », mo sì san owó mi pé. Wọ́n ní àwọn kò tíì gbà pé ìjì náà le tó. Kí ni kí n ṣe?*

Ẹ wo ojú ewé tí wọ́n kọ tempête, ouragan, cyclone sí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ẹ̀rí oríṣi méjì ni wọ́n ń gbà: kí ibùdó ojú ọjọ́ tó súnmọ́ ibẹ̀ ti wọn afẹ́fẹ́ tó ju 100 km láàárín wákàtí kan, tàbí kí ìjì kan náà ti ba àwọn ilé mìíràn tó dúró dáadáa jẹ́ ní àdúgbò. Orí ti ṣe yín ire lápá kan, nítorí Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ibùdó ńlá mẹ́fà ti Météo-Bénin, pẹ̀lú Kútọnu, Bohicon, Parakou, Natitingou àti Kandi. Ẹ kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìjì lè jà ní ìhà kan ìlú kí ìhà kejì má mọ̀. Nítorí náà ẹ̀rí kejì ló ṣe pàtàkì jù, àwọn ará Kétu tó wà ju 50 km lọ sí ibùdó ńlá èyíkéyìí ló sì nílò rẹ̀ jù: ẹ ya fọ́tò ilé ìwé, ilé ìjọsìn, ilé alájà tó bà jẹ́ yí yín ká, kí olórí àdúgbò fi ìwé àti òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Òfin CIMA, tó de gbogbo ilé adójútòfò ní Bénin, kò gbà kí àsìkò ìfilọ̀ òfò kéré ju ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lọ. Ẹ wo iye tí ìwé yín kọ, ẹ má sì dúró dé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Ìpè lórí fóònù kò tó. Ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè fi tápólì bo ilé, ó tilẹ̀ yẹ kí ẹ ṣe é kíákíá, torí òjò tó bá wọlé lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 48 ni ọ̀pọ̀ ìwé kì í kà mọ́ ìjì. Àtúnṣe gidi ni kí ẹ má ṣe kí ayẹ̀wò tó wáyé. Ẹ kó àwọn páànù tó ya àti ìṣó tó fà yọ jọ; àwọn ni yóò sọ bóyá òrùlé náà di mọ́ dáadáa. Tí àríyànjiyàn bá gùn, ẹ ní ọdún méjì láti gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́.

Ẹ tún yẹ iye tí ẹ kọ pé ilé náà tó wò. Bí iye àtúnkọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 20,000,000 sẹ́fà, tí ẹ kọ 10,000,000 kí owó ọdọọdún lè kéré, òfò 3,000,000 kò ní mú ju 1,500,000 wá, wọn á sì tún yọ franchise níbẹ̀. Iye ilẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí. Ìjì kì í gbé ilẹ̀ lọ.

Láti Àjàṣẹ́ bákan náà

*Ilé agboolé wa jẹ́ ilé amọ̀ àtijọ́, irú èyí tí àwọn Àgùdà kọ́. A kò tíì pín ogún. Ta ló lè gba ìwé adójútòfò fún un?*

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí òfò ilé náà máa kàn ló lè gbà á. Kò di dandan kí ó jẹ́ olórí ẹbí. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà gbangba pé ogún àjọni ni, kí ẹ sì so ìwé àdéhùn ẹbí tí gbogbo àwọn àrólé fọwọ́ sí mọ́ ọn, nípa ẹni tó máa gba owó òfò. Ibi tí ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn tí owó bá ti jáde.

Ní ti ilé amọ̀, wọn yóò béèrè ipò ìdí ògiri. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ara rẹ̀: yóò sán, òjò á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, ògiri á sì rà lábẹ́ ohun tó dà bí ẹni pé ó le. Ẹfun ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní chaux àti iyanrìn ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ. Irú ògiri yìí nílò òrùlé tó yọ síta dáadáa kí òjò má bàa nà án, bẹ́ẹ̀ ìyọsíta náà ni afẹ́fẹ́ ń dì mú. Ẹ fi òpó gbé e, kí a sì dè é mọ́ òpó náà.

Ìbéèrè kúkúrú

*Ayálégbé ni mí ní Ouando. Ìwé onílé ha bo ẹrù mi bí?*

Rárá. Ilé rẹ̀ nìkan ni tirẹ̀ bò. Ẹ gba tiyín fún ẹrù yín, ẹ kọ orúkọ àti iye wọn sílẹ̀, kí ẹ sì san owó náà kí ìjì tó dé: lábẹ́ òfin CIMA, ìwé tí a kò tíì sanwó rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí onílé bá kó táyà àti òkúta sórí páànù kí ìjì má bàa ká a, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó kó wọn kúrò. Wọn kò lè dá òrùlé dúró, orí àwọn ọmọ tó wà nínú àgbàlá ni wọ́n ń já lé nígbà tí ìjì bá gbé e.