Ajá oko mi ti darúgbó, ṣé mo lè máa tọ́jú ẹ̀ lọ?

Ìbéèrè: Àsàlámù àléékùm Àáfà wa. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, mo ní pọ́ńdì ẹja àti adìyẹ díẹ̀ lọ́nà Nóforíjà. Ajá kan ló ń ṣọ́ ibẹ̀ fún mi láti bí ọdún 12, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lé olè lọ. Ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò gbé e dáadáa mọ́, ibi tó bá sùn sí ló ń tọ̀ sí. Mo fẹ́ gbé e wá sílé, ìyàwó mi ní rárá, torí màlékà. Bọ̀dá kan ládùúgbò ní kí n tà á fún àwọn tó ń jẹ ajá, ẹlòmíì ní kí n lọ jù ú sígbó. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n máa bọ́ ọ nígbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́? Aṣọ tó bá fara kàn ń kọ́? Àti pé ṣé mo lè ní kí dókítà ẹranko fún un lábẹ́rẹ́ kó kúkú sinmi?

Ìdáhùn: Wàáléékùm sàlámù Alhaji. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè, torí ọ̀pọ̀ nínú wa, tí ajá bá ti darúgbó a ò ní bi ẹnikẹ́ni, a óò kàn máa ṣe bíi pé a ò mọ ibi tó gbà lọ.

Hadíìsì tí gbogbo wa mọ̀, pé ẹni tó bá ń sin ajá láádá ẹ̀ á máa dín lójoojúmọ́, inú hadíìsì yẹn náà ni wọ́n ti yọ ajá oko, ajá ẹran ọ̀sìn àti ajá ọdẹ sọ́tọ̀. Ajá oko lẹ mú wá, ẹ ò mú un wá ṣe fáàrí. Àwọn kan á ní ṣebí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ ẹ̀, ìyọ̀ǹda yẹn náà ti tán nìyẹn. Èmi ò gbà. Àgbà onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Izz ibn Abd al-Salam, ó kú lọ́dún 660 Hijra (kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí), nígbà tó ń ka ẹ̀tọ́ tí ẹranko ní lọ́rùn olówó ẹ̀, ó ní kó máa bọ́ ọ bó ṣe yẹ, kódà kó ti ya arọ tàbí kó máa ṣàìsàn débi pé kò wúlò fún un mọ́. Ẹ̀tọ́ ló pè é o, gbèsè nìyẹn. Ọdún 12 tó fi ń jí lóru fún yín, owó oṣù wo lẹ san fún un? Ẹ yáa pe oúnjẹ tó ń jẹ báyìí ní owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀.

Ànọ́bì (SAW) wọ ọgbà ará Mẹ̀dínà kan lọ́jọ́ kan, ràkúnmí kan rí i, omi sì ń dà lójú ẹ̀, Ànọ́bì fọwọ́ pa á lórí títí ó fi dákẹ́, ló bá bèèrè ẹni tó ni ín, ó ní ṣé o ò bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ẹranko tó fi sí ìkáwọ́ ẹ ni, ó ń fẹjọ́ ẹ sùn mí pé ò ń febi pa òun, o sì ń fiṣẹ́ dá òun lágara. Abu Dawud, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hadíìsì jọ, ló gba ìyẹn wá. Ti ọkùnrin tó fi bàtà bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì forí jì í, ẹ mọ̀ ọ́n.

Títà yẹn, ẹ má dán an wò. Ànọ́bì (SAW) kọ owó ajá fún wa, ká má tíì wá sọ pé ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ. Jíjù sígbó náà ńkọ́? Obìnrin kan so olóńgbò mọ́lẹ̀, kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó wá tiẹ̀ jẹ, ó tìtorí ẹ̀ wọná. Ajá tí ò ríran tẹ́ ẹ jù ságinjù, ẹ ti so ìyẹn mọ́lẹ̀ láìlo okùn.

Ìyàwó yín jàre ní tiẹ̀. Hadíìsì pé màlékà kì í wọ ilé tí ajá bá wà, ó dájú, ẹ má gbé e wọlé. Oko ni kó wà. Ẹ ta páànù díẹ̀ fún un níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń débẹ̀, ẹ tẹ́ àpò ráìsì sórí sìmẹ́ńtì torí òtútù ilẹ̀ ò dáa fún oríkèé tó ń ro ó, tó bá ti tọ̀ sí i kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Eyín ẹ̀ á ti lọ, ẹja wẹ́wẹ́ láti ọjà Olúwo, ẹ bọ̀ ọ́ láìfi àlùbọ́sà sí i, ẹ yọ egungun ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ wá pò ó mọ́ ẹ̀kọ. Kó máa gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ẹ̀ bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tiwa o, ibuprofen tẹ́ ẹ̀ ń lò lè pa á.

Ti aṣọ, nínú mazhab Malik (ìlànà òfin ẹ̀sìn) tí àwọn àáfà àtijọ́ ilẹ̀ wa bá wa tẹ̀ lé, ara ajá kì í ṣe nájísì, ìyẹn ohun ẹlẹ́gbin tó ń ba ìrun jẹ́. Igbá omi tó bá lá la máa fọ̀ nígbà 7, ìjọsìn la sì fi ń ṣe, kì í ṣe torí ẹ̀gbin. Àwọn Shafi'i, mazhab mìíràn, ní nájísì ni, kẹ́ ẹ fi yẹ̀pẹ̀ kún ọ̀kan nínú 7 yẹn, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn gan-an, tí ara ẹ̀ bá gbẹ tí aṣọ yín náà gbẹ, kò sí wàhálà. Ìtọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fọ̀ dànù kẹ́ ẹ tó kírun. Àlùwàlá yín ò bàjẹ́ torí pé ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ kàn ní ṣòkòtò oko kan lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Abẹ́rẹ́ yẹn ló le díẹ̀. Ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú mazhab Malik yìí, wọ́n gbà pé ẹranko tí a kì í jẹ, tí ìrètí ti pin lórí ẹ̀, èèyàn lè pa á kó lè bọ́ nínú ìnira. Tiyín ò tíì débẹ̀. Ó ṣì ń jẹun, ó ṣì ń gbọ́ ohùn yín. Tó bá di pé kò jẹ mọ́, tó ń ké lóru, tí dókítà ẹranko sì sọ pé kò sọ́nà mìíràn, kí dókítà ṣe é fúnra ẹ̀, torí Ànọ́bì (SAW) ní tẹ́ ẹ bá máa pa nǹkan, kẹ́ ẹ pa á dáadáa. Kó má jẹ́ torí pé ìtọ̀ ẹ̀ ti sú yín o.

Tó bá kú, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kó jìn, jìnnà sí pọ́ńdì, kẹ́ ẹ sin ín. Ẹ má jù ú sínú ọ̀sà. A kì í kírun sí i lára o, mo mọ̀ pé ẹ ò bèèrè, àmọ́ ẹnìkan ti bi mí rí.