Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fọ́tò Tí A Ń Kà Lọ, Tí A Ń Kà Bọ̀

Nínú ìwé ìròyìn tó jáde kẹ́yìn, a rọ ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pé kí ẹ fi fóònù yín wá nǹkan méjì ní àdúgbò yín: ohun tí apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ bára dọ́gba, àti ohun tí a pè ní àkàlọ-àkàbọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀, nọ́ńbà tàbí ètò àwọ̀ tí a kà láti iwájú, tí a tún kà láti ẹ̀yìn, tí kò sì yí padà. Fọ́tò dé, ìbéèrè náà sì bá a dé. Díẹ̀ nínú wọn nìyí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya fọ́tò pátákó kan tí wọ́n kọ ATA sí, mo sì ya òmíràn tí wọ́n kọ ADA sí níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ. Ọ̀rẹ́ mi ní àkàlọ-àkàbọ̀ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi dígí wò wọ́n, ọ̀kan ṣeé kà, èkejì dàrú. Kí ló fà á? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àgọ́-Ìwòyè)

Ọ̀rẹ́ yín tọ̀nà, ohun tí dígí sì fi hàn yín tọ̀nà, nítorí pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì ni ẹ ń wò. Ètò ni àkàlọ-àkàbọ̀ ń béèrè: kí lẹ́tà àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìkẹyìn, kí èkejì bá èyí tó ṣáájú ìkẹyìn mu, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé àárín. Kò kàn án bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Dígí kì í yí ètò nìkan, ó ń yí ara lẹ́tà fúnra rẹ̀ sódì pẹ̀lú. Nínú ábídí Yorùbá, lẹ́tà ńlá A, H, I, M, O, T, U, W àti Y ni ọ̀tún àti òsì wọn jọra, nítorí náà dígí kò rí wọn yí padà. D kò sí lára wọn, torí pé apá kan ṣoṣo ni ikùn rẹ̀ yọ sí. Ẹ wá OMO, AWA, ATA àti OYO lára pátákó, wọn kò ní já yín kulẹ̀.

Èdè wa ṣe wá lóore gidi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa ló fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, tí kọ́ńsónáǹtì kan tẹ̀lé e, tí fáwẹ̀lì mìíràn sì parí rẹ̀. Bí fáwẹ̀lì méjèèjì bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, iṣẹ́ ti parí. Bí a bá ka ohùn mọ́ ọn, iye wọn yóò dín kù: ọmọ, ata, òjò àti ẹ̀jẹ̀ yege, ṣùgbọ́n owó kò yege, nítorí pé bí a bá kà á bọ̀ láti ẹ̀yìn, ohùn òkè ni yóò ṣáájú, ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì kì í gbé ohùn òkè síwájú. Ní tèmi, lẹ́tà nìkan tó fún ayafọ́tò, torí pé ohun tó wà lójú pátákó ni kámẹ́rà ń yà, àwọn tó ń kọ pátákó kì í sì sábà fi àmì sí i.

Ẹ̀yin Olóòtú wa, lẹ́yìn òjò kan, mo rí bọ́ọ̀sì tó dúró ní garéèjì nínú omi tó dárogún sílẹ̀. IJEBU ODE ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Nínú omi, apá kan ọ̀rọ̀ náà ṣeé kà, apá kan kò ṣeé kà. Fọ́tò tí mo yà sì dúdú ju ohun tí mo fojú rí lọ. (Awakọ̀ kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Omi ilẹ̀ àti dígí ara ògiri kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Omi ń gbé òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó sì fi ọ̀tún àti òsì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Nítorí náà lẹ́tà tí òkè rẹ̀ jọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni omi kò lè bàjẹ́: B, D, E, H, I, K àti O. Ẹ wá fi èyí wo bọ́ọ̀sì yín. ODE yege láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú IJEBU, J àti U nìkan ló dojú dé. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ EKO sí yóò yege pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni ODO àti OKO, tí àwọn méjèèjì sì tún jẹ́ àkàlọ-àkàbọ̀. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá fi àmì sábẹ́ Ẹ tàbí Ọ, ẹ ó rí i pé àmì náà ti gun orí lẹ́tà nínú omi.

Ní ti pé fọ́tò náà dúdú, apá kan ìmọ́lẹ̀ ni omi ń dá padà, ìyókù wọ inú rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dúró tí ẹ wo omi láti òkè tààrà, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń padà sí yín lójú. Bí ojú yín bá ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń padà ń pọ̀ sí i. Ẹ lóṣòó. Ẹ dorí fóònù kodò kí ojú kámẹ́rà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ẹ ó sì rí i pé ọkọ̀ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, ó sì tún jọ ọkọ̀ òkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé omi kì í fi ohun tí ẹ̀yin rí láti òró hàn, ohun tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ìbá rí ló ń fi hàn. Ẹ ṣe é kí atẹ́gùn tó fẹ́, kí ọkọ̀ mìíràn tó gba inú omi náà kọjá.

Mo fẹ́ ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá mi kọ́. Ilẹ̀kùn wà láàárín, fèrèsé méjì méjì wà lápá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò ó máa ń wọ́, ó sì máa ń dà bí ẹni pé ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Wọ́n ní áàpù kan wà tó lè mú ìdajì fọ́tò kó sì yí i sí ìdajì kejì kí ó lè dọ́gba. Ṣé kí n lò ó? (Òǹkàwé yín, Ìperù)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò ó. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń gbé jáde máa ń fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ilé bàbá bàbá yín kọ́ ni ẹ ó máa fi han ọmọ yín mọ́. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò sì mọ̀: òjìji òrùlé yóò ṣubú sí ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà iná tó gba igun kan wọlé yóò di méjì, ọdún tí birikilà fi sìmẹ́ńtì kọ sí iwájú ilé yóò sì di ohun tí kò ṣeé kà.

Ilé náà kọ́ ló ní àléébù, ibi tí ẹ dúró sí àti bí ẹ ṣe di fóònù mú ni. Nínú irú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ bẹ́ẹ̀, tó wà káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ètò ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín kọjá, yàrá tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, òkè sì tẹ̀lé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà gan-an, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ilé, kí ẹ sì rìn tààrà lọ sí iwájú. Bí ẹ bá yíjú padà, ẹ wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ibi tí ẹ wà. Bí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín bá hàn ju ti òsì lọ, ẹ ti yà sí òsì. Ẹ máa sún sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ títí ìwọ̀n tí ẹ rí lára méjèèjì yóò fi bára mu. Kò sí ohun èlò tó lè fi àárín ilé hàn yín tó ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ìṣísẹ̀ kan péré sì tó láti ba fọ́tò jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe gbé ojú fóònù sókè nítorí kí òrùlé lè wọlé. Bí fóònù bá ti dagun sẹ́yìn, ògiri méjèèjì yóò máa sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ sókè, ohun tí ẹ sì pè ní ìṣubú sẹ́yìn nìyẹn. Ẹ mú un dúró ṣánṣán, ẹ rìn sẹ́yìn sí i, kí ẹ sì gé ilẹ̀ tó bá pọ̀ jù kúrò nígbà tó bá yá. Bí òpópónà bá há, ẹ bẹ àwọn ará ilé iwájú kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ya á láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tiwọn, nítorí pé láti agbede méjì gíga ilé, kò sí ìdí láti gbé fóònù sókè rárá. Ẹ tan àwọn ilà tó ń pín ojú kámẹ́rà sí apá mẹ́sàn-án, kí ẹ fi ilẹ̀kùn sí apá àárín, kí ẹ sì yẹra fún lẹ́ńsì tó ń kó ibi tó fẹ̀ gan-an wọ inú fọ́tò, torí pé ó máa ń tẹ ẹ̀gbẹ́ ilé.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí fèrèsé kan ṣí sílẹ̀ tí èkejì rẹ̀ sì tì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ohun tó bára dọ́gba, èyí tó yàtọ̀ ni ojú ń kọ́kọ́ lọ bá, nítorí náà kí ó jẹ́ ohun tó yẹ ní wíwò. Màmá àgbà tó jókòó sójú fèrèsé yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá pàǹtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kò yẹ, ẹ gbé e kúrò.

Aṣọ òkè ni mò ń tà. Ṣé ilà ara aṣọ lè jẹ́ àkàlọ-àkàbọ̀? Báwo ni mo sì ṣe lè ya ẹgbẹ́ wa dáadáa ní Ojúde Ọba? (Oníṣòwò kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ mú tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ kan bó ṣe ti orí òfì kúrò, kí wọ́n tó rán an mọ́ òmíràn, kí ẹ sì ka àwọ̀ òwú tí ahunṣọ ta láti etí kan dé etí kejì. Bí ó bá jẹ́ pupa, funfun, aró, funfun, pupa, ẹ ti rí i. Aránṣọ lè yí irú tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ibi tó bá wù ú, aṣọ kò ní yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ahunṣọ bá ta á ní pupa, funfun, aró nìkan, aránṣọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí orí ọ̀kan má lọ sí ìdí èkejì. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí oòrùn kò ti tàn sí i tààrà, kí ẹ sì ya á láti òkè, débi pé òwú kọ̀ọ̀kan yóò hàn. Àsíá Nàìjíríà pẹ̀lú jẹ́ àkàlọ-àkàbọ̀: àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Táíwò Akínkúnmi tó ya á ní 1959 fi oòrùn pupa sí àárín, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ta àsíá náà sókè ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá 1960, ṣùgbọ́n bó ní oòrùn, bí kò ní, ọ̀tún rẹ̀ àti òsì rẹ̀ bára mu.

Ní ti Ojúde Ọba, tí a ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹgbẹ́ règbẹ́règbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tó wọ aṣọ kan náà tí ó tò lọ ní ìlà kò tíì dọ́gba fún kámẹ́rà títí ẹ ó fi rí ẹni tó wà láàárín. Ẹ dojú kọ ẹni náà, kí iye ènìyàn tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ bá ti òsì mu. Ẹlẹ́ṣin kì í dọ́gba bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, iwájú ni etí méjì ẹṣin àti ẹsẹ̀ méjì ẹni tó gùn ún ti ń hàn pọ̀. Láti òkèèrè ni kí ẹ ti ya irú rẹ̀, kí ẹ má ṣe dúró sí ojú ọ̀nà ẹṣin.

Obì ńkọ́? Òun ni mò ń rí lójoojúmọ́. (Alátà obì kan, Ṣágámù)

Gbànja ni kí ẹ yà. Awẹ́ méjì ló ní, nígbà tí àbàtà máa ń ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin. Ẹ la gbànja, kí ẹ tẹ́ awẹ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ìwé tí a ṣí, kí inú wọn kọjú sókè. Nítorí pé wọ́n ti kọjú sí ara wọn tẹ́lẹ̀, ohun tó wà ní inú ọ̀kan yóò wà ní inú èkejì ní òdìkejì. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó fún un.

Ṣé nọ́ńbà mọ́tò lè jẹ́ àkàlọ-àkàbọ̀? Ọjọ́ oṣù ńkọ́? (Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan, Ìkẹ́nnẹ́)

Nọ́ńbà mẹ́ta àárín lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, bíi 272 tàbí 505. Láti 000 dé 999, ọgọ́rùn-ún ni irú wọn nínú ẹgbẹ̀rún, nítorí náà bí ẹ bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, kò ní pẹ́ kí ẹ tó rí ọ̀kan. Odindi nọ́ńbà mọ́tò kò lè ṣe é: lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta àti lẹ́tà méjì ni wọ́n ń kọ, ohun kẹta láti iwájú sì jẹ́ lẹ́tà nígbà tí ohun kẹta láti ẹ̀yìn jẹ́ nọ́ńbà. Kìkì bí lẹ́tà O bá kọjú sí òdo ni ojú lè gbà á. Ẹ bo lẹ́tà tó kù kí ẹ tó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wa, nítorí ẹni tó ni ọkọ̀.

Ní ti ọjọ́ oṣù, 22/02/2022 ti kọjá lọ. Èyí tó ń bọ̀ ni 03/02/2030, ọjọ́ Àìkú sì ni yóò bọ́ sí. Bí ẹ bá máa ya ohunkóhun lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ fúnra rẹ̀ wà nínú fọ́tò, ì báà jẹ́ lára kàlẹ́ńdà, lára ìwé ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí lára rìsíìtì ọjà.