Ọkọ mi fẹ́ to mọ́tò nínú gáréèjì wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Luton ni à ń gbé. Ọkọ mi ra kit car, mọ́tò tí wọ́n ń tà ní ègé-ègé kí èèyàn lè tò ó fúnra rẹ̀, irú èyí tó jọ Lotus Seven, ó sì ra Mazda MX-5 àlòkù tí yóò yọ ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ lò. Ó ní òun àti àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún 13, ni yóò jọ tò ó. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kò léwu? Ṣé kò sì ní di ẹrù tí yóò gba gáréèjì mọ́ wa lọ́wọ́? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, mo kí yín. Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí n tó dé Birmingham, èmi àti ọmọ mi méjì sì ti to irú mọ́tò yìí. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ló gbà wá. Ohun tí ọkọ yín fẹ́ ṣe kì í ṣe tuntun: láti 1957 tí Lotus Seven ti jáde ni àwọn èèyàn ti ń rà á ní ègé-ègé lọ sílé, torí pé owó orí rẹ̀ kéré sí ti odindi mọ́tò nígbà náà.

Ewu wà o. Abẹ́ mọ́tò ló pọ̀ sí jù. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ ra ìdúró irin (axle stand) mẹ́rin tí yóò gbé e dúró. Lọ́jọ́ tí bàbá wọn bá fẹ́ fún sípíríìngì ẹsẹ̀ mọ́tò pọ̀, kí àwọn ọmọ jáde pátápátá.

Ohun tó sì ń sọ ọ́ di ẹrù ni bóòtì tó dàrú. Inú ike ọ̀dà kan ni mo kó gbogbo bóòtì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dà sí, oṣù mẹ́rin ni iṣẹ́ wa sì fi dúró. Nǹkan kan, ọ̀rá kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ tọ́jú fọ́tò, rìsíìtì àti ìwé MX-5 yẹn, torí DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, yóò bèèrè wọn.

Ìbejì dára fún iṣẹ́ yìí. Kí Táíwò máa fi sípánà tó ń ka agbára de nọ́ọ̀tì títí yóò fi dún káà, kí Kẹ́hìndé fi ọ̀dà ìyẹ́lò fa ìlà tín-ín-rín láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Lẹ́yìn tí ẹ bá wà á díẹ̀, ẹ wò ó: bí ìlà náà bá ti yà, nọ́ọ̀tì ti ń tú. Ọmọ tó fa ìlà yẹn kò ní gbàgbé rẹ̀.

Nídìí ìdánwò IVA, èyí tí ìjọba fi ń yẹ irú mọ́tò báyìí wò kó tó lè jáde sí títì, etí irin tó mú ló kọ́kọ́ dá wa padà. Wọ́n fẹ́ kí etí tí ara lè kàn rí roboto, kí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ tó 2.5 mm ó kéré tán. Ọmọbìnrin mi jókòó ti fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń fi ìka tọ́ ọ wò.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ kò bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ gba waya lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó mi ló di tiwa. Ó tò ó sórí tábìlì ìjẹun, ó fi téèpù dúdú yí i láti ìdí dé orí gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi òwú kó irun, ó sì dá ẹ̀ka sílẹ̀ níbi tí iná iwájú yóò ti yà. Ọkùnrin tó yẹ mọ́tò náà wò tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kò rí nǹkan kan wí.