Ọmọ yín lè gba orí bàálù dé ipò admiral, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ gba ibòmíràn kọjá

Mà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Ẹ ní ọmọkùnrin yín wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ní Texas, pé ó fẹ́ wa bàálù fún Néfì Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ojú omi, kí ó sì di admiral, ọ̀gá àgbà láàárín wọn, àti pé ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní awakọ̀ bàálù kì í darí ọkọ̀ ojú omi. Mo lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbà ọ̀dọ́ mi lórí ọkọ̀ ogun tó ń gbé bàálù. Èmi ni mo máa ń yẹ bàálù wò kí wọ́n tó gbéra, tí mo sì ń gbà á lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá balẹ̀, nínú ooru Gulf tí irin ọkọ̀ ń jó bàtà mọ́ni lẹ́sẹ̀. Mo rí àwọn tó dé òkè, mo sì rí àwọn tó dúró sójú kan.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1926 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹni tó bá máa jẹ́ ọ̀gá lórí ọkọ̀ tó ń gbé bàálù gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ òfurufú. Òfin yìí ló gbé William Halsey, ọ̀gá Néfì kan, dé Pensacola, ní Florida, níbi tí Néfì ti ń kọ́ni ní bàálù wíwà. Destroyer, ọkọ̀ ogun kékeré tó ń sáré, ló ti ń bá rìn láti ìgbà èwe. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé USS Saratoga, ọkọ̀ tó ń gbé bàálù, lé e lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ ti àwọn tó kàn ń jókòó sẹ́yìn awakọ̀ tó fún un lábẹ́ òfin. Ó kọ̀ ọ́, ó ní òun fẹ́ mọ̀ ọ́n wà fúnra òun. Ẹni ọdún 52 ni nígbà tó gba báàjì ìyẹ́, àmì awakọ̀ bàálù, ní May 1935. Òun ló darí àwọn ọkọ̀ tó gbé Doolittle, awakọ̀ bàálù ológun, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ ju bọ́ǹbù sí Japan ní April 1942, ìràwọ̀ márùn-ún ló sì wà léjìká rẹ̀ nígbà tí 1945 fi parí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín gbà pé bàálù wíwà ló jẹ́ kí ènìyàn mọ ogun jà. Kí ogun Midway tí Amẹ́ríkà bá Japan jà tó bẹ̀rẹ̀ ní June ọdún 1942 kan náà, àìsàn awọ ara gbé Halsey dè sí ọsibítù. Ó ní kí wọ́n fi Raymond Spruance sípò òun, ẹni tí kì í ṣe awakọ̀ bàálù rárá, Spruance sì ṣẹ́gun.

Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ kí ó kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ jù ni Amy Bauernschmidt. Hẹlikọ́pítà ló ń wà. Mo dìídì sọ ọ́, nítorí àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé àwọn tó ń wa jẹ́ẹ̀tì nìkan ni Néfì ń kà sí. Ó jáde ní Annapolis, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Néfì, ní 1994, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fagi lé òfin tí kò jẹ́ kí obìnrin bá ọkọ̀ ogun jáde. Ó wa hẹlikọ́pítà títí ó fi di ọ̀gá ẹgbẹ́ hẹlikọ́pítà tí wọ́n ń pè ní HSM-70. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Ẹni tó ti ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ní kó padà sí kíláàsì lọ kọ́ bí iná átọ́míìkì ṣe ń gbé ọkọ̀ rìn, torí pé átọ́míìkì ló ń gbé gbogbo ọkọ̀ ńlá 11 tí Amẹ́ríkà fi ń gbé bàálù. Lẹ́yìn náà ó ṣe igbákejì ọ̀gá lórí USS Abraham Lincoln, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ńlá náà, ó darí USS San Diego tó kéré sí i, kí wọ́n tó dá a padà sórí Lincoln ní August 2021 bí ọ̀gá pátápátá. Kò sí obìnrin tó ṣe irú rẹ̀ rí. Ọdún 27 ló gbà á, lẹ́yìn rẹ̀ ló tó wọ ipò admiral.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi bàálù sílẹ̀ rárá, kò burú, iṣẹ́ iyì ni. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ibi tí òun ń lọ yàtọ̀.

Ohun tí èmi fojú ara mi rí nìyí. Awakọ̀ méjì wà lẹ́gbẹ́ wa, ipò kan náà ni wọ́n wà. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá balẹ̀ sórí ọkọ̀ ni wọ́n ń fún un ní máàkì, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí gbogbo ènìyàn rí i. Ti ẹnì kìíní máa ń dára ju ti gbogbo wọn lọ, àgàgà lóru. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ní iṣẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n fi àwa mẹkáníìkì sábẹ́ rẹ̀, ìwé tó bá kọ nípa wa ni yóò gbé wa ga tàbí kó dá wa dúró. Ìwé tirẹ̀ kì í yá. Ọmọkùnrin kan láàárín wa pàdánù ìgbéga nítorí rẹ̀, inú sì ń bí mi títí dòní. Ẹnì kejì, máàkì rẹ̀ kò ju àárín lọ. Òru ló máa ń wá bá wa nídìí ẹ́ńjìnnì, á bi wá léèrè, á gbọ́. Nígbà tí owó oṣù mi dúró lójijì, tí ìyàwó mi wà nílé pẹ̀lú ọmọ jòjòló, òun ló ń kọ lẹ́tà kiri títí owó fi wọlé. Òun ni wọ́n fi jẹ ọ̀gá ẹgbẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó gba àṣẹ, omi sì bọ́ lójú mi.

Ó ku àwọn nǹkan tí ẹ máa ṣe báyìí. Ẹ wo ìwé ìgbélùú ọmọ yín. Green card lè mú un wọ Néfì bí èmi ṣe wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ló lè jẹ́ ọ́fíísà, ọ́fíísà nìkan ló sì ń wa bàálù wọn. Inú aṣọ Néfì ni mo ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mo sì kọ̀wé pé mo fẹ́ wa bàálù, ojú mi ni kò kúnjú òṣùwọ̀n. Nítorí náà, kó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò báyìí, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lójú láìkọ́kọ́ bá àwọn dókítà Néfì sọ̀rọ̀.

Kó sì mọ̀ pé láti ọjọ́ tó bá gba báàjì ìyẹ́ ni wọ́n ti ń ka ọdún 8 tó gbọ́dọ̀ sìn, ọdún ẹ̀kọ́ kò sí nínú rẹ̀. Kò dìgbà tó bá lọ sí Annapolis. Ètò NROTC, tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti di ọ́fíísà Néfì, wà nínú yunifásítì, ní Texas níbẹ̀, Prairie View A&M ní in, UT Austin náà ní in. Bí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kò bá ní in, ọ̀nà ti Newport ní Rhode Island, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ti gboyè láti di ọ́fíísà, ṣì wà lẹ́yìn tó bá gboyè. Ẹ sọ orúkọ yunifásítì rẹ̀ fún mi, mà, kí n lè sọ ọ̀nà tó yá jù fún un.