Headset géèmù mẹ́ta: èwo ni ohùn rẹ̀ dára?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Headset mẹ́ta ni mo ń wò fún géèmù oníbọn tí mo máa ń gbá. Wọ́n kọ 50 mm sára páálí àkọ́kọ́, èkejì ní òun jẹ́ 7.1, ẹ̀kẹta sì ń lo Bluetooth nìkan. Gbogbo wọn ló ní 20 Hz sí 20,000 Hz. Mo gbé wọn sétí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí àkọ́kọ́ tí báàsì rẹ̀ ń mi agbárí ló wù mí jù, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ní ohùn rẹ̀ kò dáa. Kí ni kí n máa tẹ́tí sí gan-an?

Ìdáhùn: Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ lè má purọ́, àmọ́ kò ṣàlàyé. Ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ara páálí kúrò lọ́nà. Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń tínrín tó. 20 Hz sí 20,000 Hz ni wọ́n máa ń sọ pé etí ọ̀dọ́ tí kò ní àbùkù lè gbọ́. Kí headset wá kọ ọ́ sára dà bí ìgbà tí akọrin ń wá iṣẹ́, tó ní òun ní ẹnu. Kò sọ èyí tó ń pariwo jù nínú àwọn ohùn náà fún wa, kò sọ èyí tí a kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. 50 mm yẹn, fífẹ̀ sípíkà kékeré tó dojú kọ etí rẹ ni. Mo ti gbé 40 mm sétí tó fi 50 mm sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá.

Ní ti 7.1, ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni ohùn sípíkà méje àti ọ̀kan fún báàsì tó yí ènìyàn ká. Àmọ́ sípíkà kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìṣirò ni wọ́n fi ń yí ohùn padà díẹ̀ kí etí lè rò pé ẹ̀yìn ló ti wá. Kò burú, torí géèmù púpọ̀ ń ṣe irú ìṣirò yìí fúnra wọn. Àmọ́ tí o bá tan ti géèmù, tí o tún tan ti headset, ìṣirò á gun orí ìṣirò, gbogbo rẹ̀ á wá máa dún bí ẹni ń pe ènìyàn látinú kànga. Ọ̀kan ni kí o lò. Pa ti headset ná.

Kí o tó fi ọ̀kan wé èkejì, rí i pé wọ́n ń dún sókè bákan náà. Etí a máa gbè sẹ́yìn èyí tó bá lọ sókè díẹ̀, kódà bí kò ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó) kan tàbí méjì lọ, á ní òun ló mọ́ jù. Èmi tí mo ń fi ohùn jẹun náà ti kó sí i rí. Mo fọwọ́ sọ̀yà níwájú àwọn ènìyàn pé headset kan mọ́ ju ìkejì lọ, àṣé mo ti yí i sókè jù ú lọ. A mú wọn dọ́gba, n kò mọ èyí tí mo yìn mọ́.

Lẹ́yìn náà, má tíì fi géèmù tàbí orin dán an wò. Ohùn ènìyàn ni kí o lò, torí òun ni etí rẹ ti mọ̀ láti kékeré. Gba ohùn ẹnìkan tí ò ń gbọ́ lójoojúmọ́ sílẹ̀ sórí fóònù. Ní kó sọ pé “ó sè é, ó ṣe é; ó sá, ó ṣá a.” Ohùn òkè ni s ń gbé, ṣ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Tí méjèèjì bá ń jọ ara wọn létí rẹ, apá òkè headset náà ti kú. Tí s bá ń gún ọ bí abẹ́rẹ́, ó ti pọ̀ jù. Tí ẹni náà bá sì ń dún bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò, báàsì ti wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí fọ́nrán náà kò bá jẹ́ stereo, ìyẹn èyí tí ohùn ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òsì, àárín orí gan-an ló yẹ kí ohùn jókòó sí. Tó bá fì sápá kan, yí headset padà, kí ti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Bí fífì náà bá tẹ̀ lé e, ìwọ kọ́ lo ni àbùkù. Bí kò bá kúrò lójú kan, lọ yẹ etí rẹ wò.

Ó wá ku báàsì tó wù ọ́ yẹn. Nínú etí lọ́hùn-ún, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá rinlẹ̀ máa ń bo èyí tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bí tòkè ṣe lè bò ó lọ. Ìrìnsẹ̀ ọ̀tá lórí òkúta wẹ́wẹ́, ìbọn tí wọ́n ń ki ọta sí, àárín sókè ni púpọ̀ nínú ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀ wà. Bọ́ǹbù á bú, ìrìnsẹ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀, o ò ní gbọ́ nǹkan kan títí wọ́n á fi yìnbọn lù ọ́ lẹ́yìn. Ìdánwò rẹ̀ rèé. Kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ wọ ibi ìgbáradì inú géèmù, ẹ̀yin méjì péré. Di ojú. Kó máa yí ọ ká, kó dúró lójijì, kí ìwọ nawọ́ síbi tó wà. Ọ̀tún àti òsì kò le, headset yẹpẹrẹ pàápàá á gbà á. Iwájú àti ẹ̀yìn ni wàhálà wà, torí ohùn tó wà níwájú gan-an àti èyí tó wà lẹ́yìn gan-an, ìgbà kan náà ni wọ́n ń dé etí méjèèjì. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí o ka iye tí o gbà. Tún un ṣe nígbà tí bọ́ǹbù ń bú.

Tí o bá ń lo awò ojú, má bọ́ ọ nígbà tí o bá ń ṣe èyí. Tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ orí díẹ̀: tí báàsì bá pọ̀ sí i lójijì, àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìmùtìmù nìyẹn, ẹ̀bi sípíkà kọ́.

Ti Bluetooth, tan máìkì rẹ̀ nígbà tí orin ń lọ. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ojú ẹsẹ̀ ni ohùn á fọ́ bíi ti ìpè fóònù, torí ọ̀nà kan náà ni ohùn tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ń pín. Ó tún máa ń pẹ́ díẹ̀: iná ìbọn á tàn kí ìró rẹ̀ tó dé. LE Audio, ọ̀nà tuntun tí Bluetooth ń gbà gbé ohùn, ń tún èyí ṣe, àmọ́ headset àti kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní in. Bí kò bá ní waya tàbí ìsopọ̀ 2.4 GHz (èyí tó ń lo nǹkan kékeré tirẹ̀ tí a ń ki bọ ojú USB), èmi ò ní rà á fún géèmù oníbọn.

Báàsì tó pọ̀ jù ṣeé rẹ̀ sílẹ̀ nínú ètò ohùn kọ̀ǹpútà. Èyí tí kò ní àtúnṣe ni sípíkà tó ń gbọ̀n rìrì bíi páànù tí ìṣó rẹ̀ tú nígbà tí o bá yí i sókè. Dá irú ẹ̀ padà. Nítorí náà, gbé èyí tó wù ọ́ yẹn, rẹ báàsì rẹ̀ sílẹ̀, kí o tún ìdánwò ìrìnsẹ̀ yẹn ṣe. Tí o bá gbà á mẹ́jọ nínú mẹ́wàá nígbà tí bọ́ǹbù ń bú, rà á, má dá ọ̀rẹ́ rẹ lóhùn.