Oṣù mẹ́ta fún iṣẹ́ HPV ní láàbù? Bi omi léèrè ná

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Agric, o ní wọ́n ti gbà ọ́ sí láàbù kan fún oṣù mẹ́ta, pé wàá máa bá wọn wá HPV, fáírọ́ọ̀sì tó lè fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, nínú sáńpù àwọn obìnrin, wàá sì máa wo irú ẹ̀yà tó jẹ́. O béèrè bóyá oṣù mẹ́ta tó, àti ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ kọ́. Ìkòròdú níbí lèmi náà ti ń lọ nígbà tèmi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti máa ń wà ní gáréèjì, kí Mile 12 tó dí pa. Jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Yíyọ DNA kò le. Ìwé ìlànà wà nínú páálí tí wọ́n kó èròjà rẹ̀ sí, tẹ̀ lé e. PCR náà, ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, o ti kà á ní fáṣítì: ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí á fi di àìmọye. Mi ò ní fi ìyẹn dá ọ dúró.

Omi lọ̀rọ̀ mi. Gbogbo ìgbà tí o bá ṣe PCR, tíúbù kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí o kò fi DNA kankan sí, omi nìkan. Lẹ́yìn náà o máa da èsì sínú gel, ohun rírọ̀ tí DNA ti máa ń hàn bí ilà. Bí ilà bá yọ lójú omi yẹn, èsì ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí àlàyé. Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ni tèmi kọ́kọ́ yọ. Mo gbé gel sórí iná UV, mo rí sáńpù mọ́kànlá tí gbogbo wọn tàn yanran, mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ojú mi dé ìdí ilà tó kẹ́yìn, omi, ó tàn ju ti àwọn sáńpù mìíràn lọ. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó wò ó, ó ń jẹ gúgúrú lọ, ó ní, "Ṣé o ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé fọ́tò ni?" Kí n gé ilà omi kúrò nínú àwòrán! Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n o. Títí di òní, bí mo bá rí gúgúrú, inú á kọ́kọ́ bí mi ná.

Mi ò gé e. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi wá ibi tí ìdọ̀tí yẹn ti ń wọlé. Mo da omi nù, mo lo tuntun. Ó tàn. Mo pààrọ̀ primer, ègé DNA kékeré tó ń fi ibi tí PCR ti máa bẹ̀rẹ̀ hàn án. Ó tàn. Mo fi háípò nu tábìlì títí omi fi ń dà lójú mi. Ó tún tàn. Wọ́n ní ọwọ́ mi ni kò mọ́, pé bóyá wàhálà ọkọ̀ Ìkòròdú ló ń rẹ̀ mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì náà ló tú àṣírí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ẹ̀yà HPV. Nígbà tí mo wò ó, 18 ni gbogbo wọn. Omi náà, 18. Ìkankan ò jẹ́ 16, bẹ́ẹ̀ 16 ló máa ń wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, òun àti 18 ló wà nídìí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 àrùn náà. Mo wá rántí: DNA tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò, inú sẹ́ẹ̀lì HeLa la ti yọ ọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára Henrietta Lacks ní Amẹ́ríkà ní 1951. HPV 18 ló wà nínú wọn. Nǹkan ilé wa ló ń bà wá jẹ́!

PCR ẹlẹ́ẹ̀mejì la ń ṣe. Primer MY09/MY11 ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, á ṣe ẹ̀dà ègé DNA bíi lẹ́tà 450; lẹ́yìn náà o máa ṣí tíúbù yẹn, o máa mú díẹ̀ sínú ti primer GP5+/GP6+, tó ń mú bíi 150 wá. Ṣíṣí tíúbù yẹn ni ikú! Ìrì tí ojú ò lè rí á fò jáde, ẹ̀dà àìmọye nínú rẹ̀, á bà lé pipette tí a fi ń fa omi díẹ̀díẹ̀, á bà lé kóòtù. Mo tú imú pipette mi, mo fi òwú nu inú rẹ̀, mo fi òwú náà ṣe PCR. Ó tàn bí àtùpà.

Bí a ṣe tún un ṣe kò gùn: pipette ọ̀tọ̀, tip (ẹnu pipette tí a ń jù nù) tó ní fílítà, yàrá ọ̀tọ̀ fún pípo èròjà, pín èròjà sí kékeré kékeré. Bí o bá ti wọ yàrá gel, má padà síbi tí wọ́n ti ń po nǹkan lọ́jọ́ yẹn mọ́.

Ṣé o rí i, October 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, èyí tó ń dènà ẹ̀yà 6, 11, 16 àti 18. Iṣẹ́ tí o fẹ́ lọ kọ́ yìí la fi máa mọ̀ bóyá 16 àti 18 ń dínkù, àti bóyá irú 35 àti 45, tí kò sí lára mẹ́rin yẹn, ṣì wà nílẹ̀. Bí omi rẹ bá ń sọ 18, wàá lọ sọ fún ìjọba pé abẹ́rẹ́ ò ṣiṣẹ́.

Kí n tó gbàgbé, má fi bírò kọ nọ́ńbà sára tíúbù, ọtí láàbù á nù ún dànù. Bí beta-globin, jíìnì tó wà lára gbogbo èèyàn, ò bá yọ nínú sáńpù, má kọ pé kò sí HPV, ó lè jẹ́ pé DNA èèyàn gan-an ni kò sí níbẹ̀. Bí iná bá lọ ní Fáídè, béèrè ta ló máa tan jẹnẹrétọ̀ fún fíríìsà. Má sì gbé èsì ẹnikẹ́ni wá sílé. Ìyá kan ládùúgbò wa ní kí n bá òun yẹ èsì òun wò bóyá ọkọ òun ń yan àlè. Èsì HPV ò lè sọ ìyẹn. HPV kì í ṣe jẹjẹrẹ, èyí tó pọ̀ jù máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún méjì, ó sì lè ti wà lára èèyàn tipẹ́.

Áà, oṣù mẹ́ta tí o béèrè. Bí wọ́n bá jẹ́ kí o fọwọ́ kan pipette lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó tó. Tèmi gba oṣù méje. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí o bá débẹ̀, ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń po èròjà hàn ọ́, kí wọ́n sì fi ibi tí wọ́n ti ń wo gel hàn ọ́. Bí wọ́n bá nawọ́ sí tábìlì kan náà, kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.